Kí Wákàtí 72 Tó Pé

Òní, ọ̀la, ọ̀tunla: Yorùbá ti ka ọjọ́ mẹ́ta nìyẹn. Ọjọ́ tí a wà nínú rẹ̀ ni a fi ń bẹ̀rẹ̀ ìkà. Ìdí nìyẹn tí ọjà ọrọọrún fi ń bọ́ sí ọjọ́ mẹ́rin mẹ́rin lórí kàlẹ́ńdà, tí ìkómọ ọjọ́ kẹjọ sì fi ń bọ́ sí irú ọjọ́ tí wọ́n bí ọmọ náà gan-an. Ìkà yìí kò ní àbùkù fún ọjà àti ìkómọ. Ṣùgbọ́n ká ní ẹnìkan bá ẹni tí kò mọ̀ dáadáa sùn láìlo rọ́bà ní Àrìgìdì Àkókó, ní aago 10 alẹ́ Sátidé. Ẹ̀rù kòkòrò HIV wá ń bà á. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan sọ fún un pé oògùn kan wà tí wọ́n ń lò láàárín ọjọ́ mẹ́ta. Á ka Sátidé, á ka Sọ́ńdè, á ka Mọ́ńdè. Nígbà tí ilẹ̀ Túsìdé bá mọ́, á gbà pé ó ti bọ́ mọ́ òun lọ́wọ́, á sì jókòó sílé.

Kò tíì bọ́. Wákàtí 72 ni àwọn oníṣègùn ń sọ. Aago 10 alẹ́ Túsìdé ni yóò pé. Odindi ọ̀sán Túsìdé ṣì wà fún un, ọ̀kadà sì wà níwájú ilé tí yóò gbé e dé Ìkàrẹ́ láìpẹ́.

Oògùn náà ni wọ́n ń pè ní PEP. Bí ọ̀dọ́ kan bá wọ kẹ́míìsì ní Ìkàrẹ́ tó béèrè Postinor, kò sẹ́ni tí yóò bi í pé kí ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Oyún tí ọmọbìnrin ń sá fún ti sọ Postinor di ohun tí tọmọdé tàgbà mọ̀. PEP kò tíì rí irú òkìkí yẹn, bẹ́ẹ̀ ó ju ogún ọdún lọ tí wọ́n ti ń lò ó. Ọ̀pọ̀ ló sì rò pé Postinor yẹn náà ń ṣiṣẹ́ méjèèjì, nítorí pé wákàtí 72 ni wọ́n ń kọ sára òun náà. Postinor kò mọ nǹkan kan nípa HIV. Obìnrin tó ń bẹ̀rù oyún àti HIV pa pọ̀ nílò oògùn méjèèjì, ó sì lè lò wọ́n lọ́jọ́ kan náà.

Kí a tó dé orí oògùn, ó yẹ ká mọ irú ohun tó yẹ kó lé èèyàn dìde. Ẹ̀jẹ̀, àtọ̀ àti omi tó máa ń ṣáájú rẹ̀, omi ojú ara obìnrin, omi inú ihò ìdí, omi ọyàn: àwọn wọ̀nyí ni HIV ń bá rìn tó fi ń dé ara ẹlòmíì. Itọ́ kò sí níbẹ̀, òógùn àti omijé kò sí níbẹ̀. Jíjẹun nínú abọ́ kan náà, ìfẹnukonu, ẹ̀fọn, ṣáláńgá tí gbogbo ilé jọ ń lò, kò sí ọ̀kan tó ń gbé e kiri nínú wọn. Bí àtọ̀ bá kán sára awọ tí kò ní egbò, omi àti ọṣẹ tó o. Ẹni tó lo rọ́bà tí rọ́bà náà kò bẹ́, tí kò sì yọ, kò sí ìdí tó fi yẹ kó máa wá PEP kiri.

Ìṣirò wà nípa bó ṣe máa ń ranni, mo sì fẹ́ ká wò ó fínnífínní, nítorí pé èyí tó pọ̀ jù nínú ìbẹ̀rù wa ló ti inú àìmọ ìṣirò yìí wá. Àwọn onímọ̀ ìṣègùn ní Amẹ́ríkà kó ọ̀pọ̀ ìwádìí jọ lórí ẹni tó ní kòkòrò náà lára tí kò lo oògùn, tó wá bá ẹni tí kò ní in sùn láìsí rọ́bà. Bí obìnrin bá gba irú ọkùnrin bẹ́ẹ̀ láyè nígbà 10,000, bíi ìgbà 8 ni kòkòrò náà máa ń kọjá. Bó bá jẹ́ ọkùnrin ló bá irú obìnrin bẹ́ẹ̀ sùn, ó jẹ́ bíi ìgbà 4. Ihò ìdí ló burú jù: ẹni tí wọ́n bá gba ibẹ̀ bá lòpọ̀, bíi ìgbà 138 nínú 10,000, ẹni tó ṣe é fún un, bíi 11. Awọ inú ibẹ̀ fẹ́lẹ́, kò sì ní omi tí yóò mú un yọ̀, ó tètè máa ń bó. Abẹ́rẹ́ kan tí àwọn méjì jọ fi gún oògùn olóró sára jẹ́ bíi 63. Ti ẹnu kéré débi pé wọn kò rí iye kan dì mú.

Iye wọ̀nyí kéré ju ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń rò lọ. Ẹ tún wá fi èyí kún un: nígbà tí ìjọba Nàìjíríà ṣe ìwádìí ńlá lórí HIV ní 2018, wọ́n rí i pé nínú 100 àgbàlagbà láti ọmọ ọdún 15 sí 49, ẹni kan àti díẹ̀ ló ní in, ìyẹn 1.4. Ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà lápapọ̀, ó lọ sílẹ̀ sí 1.1. Ní 2001, iye tí wọ́n rí lára àwọn aboyún jákèjádò orílẹ̀-èdè jẹ́ 5.8. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ní in lónìí ló sì ń lo oògùn. Ẹni tó bá ń lo oògùn rẹ̀ déédéé, tí láàbù kò rí kòkòrò náà nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ mọ́, kì í fi ìbálòpọ̀ ran ẹnikẹ́ni. Ní ilẹ̀ Yúróòpù, wọ́n tẹ̀ lé ọgọ́rọ̀ọ̀rún tọkọtaya tí ẹnìkan nínú wọn ní kòkòrò náà, tó sì ń lo oògùn, tí wọn kì í lo rọ́bà. Wọ́n ka ìbálòpọ̀ tó tó ẹgbẹẹgbàárùn-ún. Wọn kò rí ẹyọ ọ̀kan tí ó ti ara ẹni náà ran ẹnìkejì rẹ̀. Mo máa ń tún èyí sọ fún àwọn tó ń sá fún aládùúgbò wọn tó ń gba oògùn ní ọsibítù: ẹni tí ẹ mọ̀ pé ó ń lo oògùn kọ́ ló yẹ kó bà yín lẹ́rù, ẹni tí kò tíì ṣe àyẹ̀wò rí ni.

Ṣùgbọ́n ẹ má fi 8 nínú 10,000 sùn lọ. Ìpíndọ́gba ni, kò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní yàrá yín. Ẹni tí kòkòrò náà ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ara rẹ̀ ní bíi ọ̀sẹ̀ mélòó kan ní in nínú ẹ̀jẹ̀ lọ́pọ̀ yanturu, òun fúnra rẹ̀ kò sì ní mọ̀. Bí àtọ̀sí bá wà lára ọ̀kan nínú àwọn méjèèjì, tàbí egbò lójú ara, ilẹ̀kùn ti ṣí sílẹ̀ nìyẹn. Bí ó bá jẹ́ pé wọ́n fipá bá èèyàn lò pọ̀, tí ara ya, tí ẹ̀jẹ̀ jáde, iye yẹn ti di nǹkan mìíràn. Àwọn kan wà tí ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló ràn wọ́n. Ìṣirò wà láti mú kí àyà má já jù, kò wà láti mú kí ẹsẹ̀ wúwo.

Kí ló wá dé tó fi jẹ́ wákàtí 72, kí ló dé tí kì í ṣe ọ̀sẹ̀ méjì? Ibí gan-an ni mo fẹ́ ká dúró sí.

HIV kò lè bímọ fúnra rẹ̀. Bí ẹ bá fi í sílẹ̀ lórí tábìlì, kò ní pẹ́ kú. Àfi kó wọ inú sẹ́ẹ̀lì ara wa, irú èyí tí a ń pè ní sójà ara, kó sì fi ohun èlò inú ilé ẹni ẹlẹ́ni bímọ. Lọ́jọ́ tó wọlé, kì í pọ̀. Ìwọ̀nba díẹ̀ tó bá rí ọ̀nà gba inú awọ kọjá ni yóò bá sójà ara díẹ̀ pàdé níbẹ̀. Láti ibẹ̀ ni wọ́n ti ń gbé e lọ sí àwọn kókó ara, irú èyí tó máa ń wú ní ìtàn bí egbò bá wà lẹ́sẹ̀. Inú kókó wọ̀nyí ni sójà pọ̀ sí, ibẹ̀ sì ni ó ti ń di ogun. Ìrìn àjò yẹn máa ń gba bí ọjọ́ méjì sí mẹ́ta. Lẹ́yìn ìyẹn ni yóò tú dà sínú ẹ̀jẹ̀ àti ìfun.

Nínú sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan, iṣẹ́ méjì ló gbọ́dọ̀ ṣe kó tó di onílé. Ìwé àṣẹ tó gbé wá kò bá ti wa mu, nítorí náà yóò kọ́kọ́ tún un kọ kó lè jọ tiwa. Lẹ́yìn náà ni yóò rán an mọ́ ìwé àṣẹ ti sẹ́ẹ̀lì náà gan-an, bí télọ̀ ṣe ń rán àbùlẹ̀ mọ́ aṣọ. Bí ó bá ti rán an mọ́ ọn, kò tíì sí oògùn kan ní ayé tó mọ ìrán náà tú kúrò ní gbogbo sẹ́ẹ̀lì. Ìdí tí HIV kì í fi lọ pátápátá lára ẹni tó ti ní in nìyẹn. Oògùn mẹ́ta ló wà nínú hóró PEP kan tí wọ́n ń lò ní Nàìjíríà báyìí. Tenofovir àti lamivudine ń ba àkọsílẹ̀ yẹn jẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, tí kò fi ní lè parí rẹ̀. Dolutegravir ń gba abẹ́rẹ́ lọ́wọ́ télọ̀. Bí oògùn bá ti wà nínú ẹ̀jẹ̀ kí kòkòrò tó dé ibi tó pọ̀ sí, àwọn díẹ̀ tó wọlé yóò kú láìbímọ.

Ara ọ̀bọ ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí i pé àkókò yìí ní ẹnu. Nínú ìwádìí kan tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1998, àwọn onímọ̀ fi kòkòrò tó jẹ́ ìbátan HIV sára àwọn ọ̀bọ, wọ́n wá fún wọn ní tenofovir. Àwọn tí wọ́n fún láàárín wákàtí 24, tí wọ́n sì fún fún ọjọ́ 28 gbáko, kò sí ọ̀kan tó kó o nínú wọn. Nígbà tí wọ́n fi í falẹ̀ di wákàtí 48 tàbí 72, kò bọ́ sí i fún gbogbo wọn. Nígbà tí wọ́n tètè bẹ̀rẹ̀ ṣùgbọ́n tí wọ́n dá a dúró ní ọjọ́ kẹta tàbí ìkẹwàá, àwọn kan tún kó o. Ọ̀dọ̀ àwọn ọ̀bọ yẹn ni iye méjèèjì, wákàtí 72 àti ọjọ́ 28, ti ní gbòǹgbò. Ní 1997, wọ́n ti tẹ ìwádìí mìíràn jáde lórí àwọn nọ́ọ̀sì àti dókítà tí abẹ́rẹ́ ẹlẹ́jẹ̀ gún lẹ́nu iṣẹ́: oògùn ẹyọ kan péré, zidovudine, dín ewu náà kù ní bíi 81 nínú 100. Kò sẹ́ni tí yóò kó èèyàn jọ tí yóò fún ìdajì wọn ní ìyẹ̀fun lásán lẹ́yìn ìfipábánilòpọ̀ kó lè mọ iye tó máa kó HIV, nítorí náà a kò ní irú ìwádìí bẹ́ẹ̀, kò sì yẹ ká ní in.

Ohun tí mo ń fẹ́ kí ẹ mú níbẹ̀ ni pé wákàtí 72 kọ́ ni àkókò tó dára. Òpin ni. Wákàtí kejì dára ju ìkẹwàá lọ, ìkẹwàá dára ju àádọ́ta lọ. Ẹni tó lè lọ ní àárọ̀ Sọ́ńdè kò gbọ́dọ̀ dúró de Mọ́ńdè nítorí pé àyè ṣì wà.

Níbo ni èèyàn yóò lọ? Láti Àrìgìdì, Ìkàrẹ́ ni. Ọsibítù ńlá ti ìjọba ìpínlẹ̀ wà níbẹ̀, ẹ̀ka pàjáwìrì wọn kì í sì í ti ilẹ̀kùn nítorí ìsinmi. Ará Ọ̀kà ní ọsibítù ìjọba tiwọn ní Ìwàrò. Bí wọn kò bá ní oògùn náà nílẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, kí wọ́n sọ fún yín ibi tó wà, ẹ má padà sílé. Ọ̀nà tó gba Àkùngbá kọjá lọ sí Ọ̀wọ̀ yóò gbé yín dé FMC, ọsibítù ìjọba àpapọ̀, níbi tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn tó ní HIV láti ọdún pípẹ́. Láti January 2025 tí Amẹ́ríkà ti dáwọ́ ọ̀pọ̀ ìrànlọ́wọ́ rẹ̀ dúró, ètò ìtọ́jú HIV mì tìtì ní ọ̀pọ̀ ibi, nítorí náà ẹ ní kí ẹnìkan bá yín fi fóònù béèrè kí ẹ tó gbéra bí ẹ bá lè ṣe é.

Mo mọ ohun tó ń dá èèyàn dúró ní Àkókó, kì í ṣe owó ọ̀kadà. Ìlú wa kéré. Nọ́ọ̀sì tó wà lórí ìjókòó lè jẹ́ ìyàwó pásítọ̀, ẹni tó ń gba káàdì lè jẹ́ ọmọ ìyá bàbá yín. Ìtìjú yìí ló ń jẹ wákàtí ju ohunkóhun lọ. Ẹlòmíì á kọ́kọ́ lo odindi ọjọ́ kan láti wá ẹni tó mọ ẹni tó mọ dókítà. Bó bá jẹ́ ìtìjú ló ń dá yín dúró ní Ìkàrẹ́, ẹ wọ mọ́tò Ọ̀wọ̀ ní àárọ̀ kùtùkùtù. Àwọn tó ń gbé nítòsí ọsibítù yẹn ń bọ̀ wá sí Ìkàrẹ́ fún ìdí kan náà.

Nígbà tí ẹ bá débẹ̀, ẹ má bẹ̀rẹ̀ ìtàn ọ̀rẹ́ yín kan tó ń ṣàìsàn. Gbólóhùn méjì tó: “Ẹ káàárọ̀ mà. PEP ni mo wá gbà, alẹ́ Sátidé ni ọ̀rọ̀ náà ṣẹlẹ̀, ní nǹkan bí aago mẹ́wàá.”

Nọ́ọ̀sì tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ yóò gbé ojú wo aago ara ògiri kó tó gbé ojú wo yín. “Ẹ jókòó, bọ̀dá. Ṣé ẹ lo rọ́bà? Ṣé ẹ mọ̀ bóyá ẹnìkejì yín ní in? Ṣé ẹ ní àìsàn kíndìnrín, ṣé oògùn kankan wà tí ẹ ń lò?” Yóò gún yín níka, yóò fa ẹ̀jẹ̀ díẹ̀. Àyẹ̀wò àkọ́kọ́ yìí kì í sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Sátidé. Ohun tó ti wà lára yín ṣáájú Sátidé ló ń wò, nítorí pé ẹni tó ti ní HIV tẹ́lẹ̀ nílò ìtọ́jú gan-an, PEP ọjọ́ 28 kò tó o. Wọ́n tún gbọ́dọ̀ wo Hepatitis B, àrùn tó ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́, nítorí pé méjì nínú oògùn mẹ́ta yẹn ń bá òun náà jà. Bí ẹni tó ní in bá dá oògùn dúró láìjẹ́ pé dókítà mọ̀, ẹ̀dọ̀ rẹ̀ lè gbóná jẹ. Kí wọ́n wo oyún fún obìnrin. Oyún àti ọmọ ọyàn kò dí PEP lọ́wọ́. Bí láàbù bá máa pẹ́, ẹ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n fún yín ní hóró àkọ́kọ́ kí ẹ gbé mì. Èsì lè bá yín lẹ́yìn.

Ìgò ike funfun kan ni wọn yóò gbé lé yín lọ́wọ́, ọgbọ̀n hóró ló sábà máa ń wà nínú rẹ̀. Hóró kan lójúmọ́, ní àkókò kan náà, fún ọjọ́ 28. Bí ẹ bá gbàgbé, ẹ lò ó nígbà tí ẹ bá rántí, ẹ má lo méjì pọ̀. Ìgò yẹn máa ń dún ṣẹkẹṣẹkẹ nínú báàgì, àwọn tó ń lo oògùn HIV sì ti mọ ìró rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí àwọn kan fi máa ń ki òwú sínú rẹ̀ kó má baà fọhùn nínú mọ́tò. Ẹ lè ki òwú sí i. Ẹ má kàn yọ àpò kékeré tó wà nínú rẹ̀, òun ló ń fa ọ̀rinrin kúrò lára oògùn.

Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, inú lè máa ru, orí lè máa fọ́, oorun lè dá. Ó sábà máa ń rọlẹ̀. Ohun tí wọ́n sábà máa ń gbàgbé láti sọ fúnni ni ti oògùn ẹ̀jẹ̀. Irin tó wà nínú blood tonic, kálísíọ̀mù, àti oògùn inú kíkan máa ń so mọ́ dolutegravir nínú ìfun, tí kò fi ní wọ ara. Ẹ lo PEP yín ní wákàtí méjì ṣáájú wọn, tàbí wákàtí mẹ́fà lẹ́yìn wọn. Ẹni tó ń lo oògùn ikọ́ ẹ̀gbẹ tàbí ti ìtọ̀ ṣúgà gbọ́dọ̀ sọ. Ní ti àgbo, ìmọ̀ràn tèmi ni pé kí ẹ gbé e tì fún ọjọ́ 28. Kò sẹ́ni tó mọ ohun tó wà nínú agolo kọ̀ọ̀kan, kíndìnrín àti ẹ̀dọ̀ yín sì ní iṣẹ́ tó tó wọn lọ́wọ́.

Ó dùn mí láti máa rí ohun tí àwọn ọmọ wa ń lò dípò èyí. Ampiclox méjì lẹ́yìn ìbálòpọ̀, bí ẹni pé ọṣẹ ni. Ampiclox ń pa irú kòkòrò kan, kò lè pa HIV, kò tilẹ̀ fọwọ́ kàn án. Omi iyọ̀ tí wọ́n ń mu kò dé ibì kankan. Èyí tó burú jù ni ti àwọn ọmọbìnrin tó ń fi ọsàn wẹ́wẹ́ tàbí álọ́ọ̀mù fọ inú ojú ara. Àwọn nǹkan yẹn ń bó awọ inú ibẹ̀, awọ tó yẹ kó jẹ́ ògiri. Ẹ fi omi lásán ṣan ìta, ẹ má ti nǹkan kan wọnú.

Fún ẹni tí wọ́n fipá bá lò pọ̀, ọ̀rọ̀ yìí yàtọ̀ díẹ̀. Bó bá ṣeé ṣe, kó má tíì wẹ̀, kó kó aṣọ tó wọ̀ sínú àpò pépà, má lo ọ̀rá nítorí pé ọ̀rá máa ń mú ẹ̀rí jẹrà. Kó kọjá sí ọsibítù ní tààrà. PEP, oògùn ìdènà oyún àti ìtọ́jú egbò ló ṣáájú, ọlọ́pàá lè tẹ̀ lé e. Mo fẹ́ kí àwọn òbí gbọ́ èyí dáadáa, nítorí pé ọ̀pọ̀ ọmọ ló ń fi ọjọ́ méjì kọ́kọ́ ronú bí wọn yóò ṣe sọ fún ìyá wọn. Ọjọ́ méjì yẹn kò sí fún ìbínú wa. Ẹ kọ́kọ́ gbé ọmọ lọ.

Bí wákàtí 72 bá wá ti kọjá ńkọ́? PEP kì í sábà wúlò mọ́, ṣùgbọ́n gẹ́gẹ́ bí a ti rí i, ewu ẹ̀ẹ̀kan kéré. Ohun tó kù ni àyẹ̀wò ní àkókò tó yẹ. Ẹ má fi ara yín ṣe láàbù. Àwọn tí HIV ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ara wọn lè ní ibà, ọ̀fun dídùn, èéyọ lára ní ọ̀sẹ̀ kejì sí ìkẹrin. Èwo ni kò jọ ibà ẹ̀fọn nínú ìyẹn? Ọ̀pọ̀ ló tún ń ní in láìsí àmì kankan, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ tí kò ní nǹkan kan ń gbóná nítorí ẹ̀rù àti àìsùn.

Àyẹ̀wò tí wọ́n ń ṣe ní ìka kì í wá kòkòrò fúnra rẹ̀, ohun ìjà tí ara ń rọ láti fi bá a jà ló ń wá. Ara máa ń gba ọ̀sẹ̀ mélòó kan kó tó rọ ọ́. Nítorí náà èsì tó mọ́ ní ọ̀sẹ̀ kejì kò tíì sọ nǹkan kan. Ti láàbù tó ń wo kòkòrò àti ohun ìjà pọ̀ lè rí i láàárín ọjọ́ 18 sí 45. Ti ìka àti ti itọ́ lè gba tó ọjọ́ 90. Ẹ lọ ní bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ẹ tún lọ nígbà tó bá pé oṣù mẹ́ta. Ẹni tó lo PEP náà yóò ṣe bẹ́ẹ̀. Títí di ọjọ́ yẹn, rọ́bà nígbà gbogbo, ẹ má sì fi ẹ̀jẹ̀ tọrẹ.

Orúkọ tí a sọ àrùn yìí, “kògbóògùn”, ló ń dí wa lọ́wọ́, mo gbà bẹ́ẹ̀. Ní August 2, 1997, Fẹlá Aníkúlápó-Kuti, gbajúgbajà olórin, kú ní Èkó. Lọ́jọ́ kejì, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Ọ̀jọ̀gbọ́n Olíkóyè Ransome-Kuti, tó ti ṣe mínísítà ètò ìlera rí, jókòó níwájú àwọn akọ̀ròyìn, ó sì sọ pé éèdì, àìsàn tí HIV ń fà, ló fa ikú àbúrò òun. Kí ìdílé ńlá kan là á mọ́lẹ̀ bẹ́ẹ̀, ohun tí kò wọ́pọ̀ rárá ni nígbà yẹn. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí kò gbà pé éèdì wà ló wá gbà lẹ́yìn ọjọ́ yẹn. Ṣùgbọ́n oògùn mẹ́ta tó ń ṣiṣẹ́ pọ̀, tí wọ́n ti fi hàn ní 1996 pé ó ń dá àrùn náà dúró, kò tíì dé ọwọ́ tálákà Nàìjíríà. Ìjọba Ọbásanjọ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í pín in ní 2002. Àsìkò yẹn ni orúkọ “kògbóògùn” bá a mu. Ó ti ń gbọ́ oògùn báyìí: ẹni tó ní HIV tó ń lo oògùn rẹ̀ lè gbó, lè tọ́, lè bí ọmọ tí kò ní in. Bí a bá ṣì ń pè é ní kògbóògùn létí ọmọ ọdún 19 kan ní Àkùngbá, kí ni yóò lọ wá ní ọsibítù?

Ẹni tó bá mọ̀ pé irú alẹ́ Sátidé yẹn lè tún wáyé, kó béèrè PrEP nígbà tó bá lo PEP tán. Òun ni oògùn tí wọ́n ń lò ṣáájú, tí kòkòrò yóò bá nínú ẹ̀jẹ̀ bó bá wọlé. Ti oníhóró lójúmọ́ ti wà ní Nàìjíríà. Abẹ́rẹ́ lenacapavir tí wọ́n ń gún lẹ́ẹ̀méjì lọ́dún tún ti dé ayé: nínú ìwádìí tí wọ́n ṣe ní South Africa àti Uganda, tí èsì rẹ̀ jáde ní 2024, kò sí ẹyọ ẹnìkan tó kó HIV nínú obìnrin 2,134 tí wọ́n gún un fún.

Kí a padà sórí àyẹ̀wò: ká ní oṣù mẹ́ta ti pé. Ẹni tí kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí òun lè fi àyẹ̀wò itọ́ ṣe é nínú yàrá rẹ̀. Kó má jẹun, kó má mu nǹkan fún ìṣẹ́jú 15 ó kéré tán. Kó fi orí pẹlẹbẹ igi àyẹ̀wò náà nu erìgì òkè lẹ́ẹ̀kan, kó nu ti ìsàlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, kó tì í bọ inú ìgò omi kékeré tó bá a wá, kó sì wo aago. Kó má kà á kó tó pé ìṣẹ́jú 20, kó má kà á mọ́ lẹ́yìn 40. Ìlà kan níwájú lẹ́tà C: kò sí. Ìlà méjì, ọ̀kan níwájú C, ọ̀kan níwájú T, kódà bí ti T bá ṣá débi pé ojú kò fẹ́ rí i: kó gbé ọ̀kadà lọ sí ọsibítù fún àyẹ̀wò kejì lọ́jọ́ náà gan-an, nítorí pé ti itọ́ nìkan kì í parí ọ̀rọ̀, bí wọ́n bá sì rí i lóòótọ́, wọ́n lè fún un ní oògùn rẹ̀ kó tó kúrò níbẹ̀.